Ìlà Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Tí Kò Kan Òdo

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nínú oṣù Keje ọdún 1998, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún kó ẹ̀dà ìwé ìdánwò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà lápá òsì. Ẹyọ kan ṣoṣo wà lápá ọ̀tún.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà rèé," ó wí. "Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí ṣe àṣìṣe kan náà. Ẹni kan yìí nìkan ló gbà á. Ẹ wá sọ fún mi pé wọn kò rí ìdánwò náà kí ọjọ́ tó pé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Morẹ́nikẹ́ Adéyẹyè, ti ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní olú-ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Adó-Èkìtì, kò tíì wo àwọn ìwé náà. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu ẹrẹ̀ tí ọ̀kadà ta sí i láṣọ láti Òkè-Ìlá títí dé ẹnu géètì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sẹ́ńtì Kásíánì, lójú ọ̀nà Ìyìn. Nígbà tí ó ń wọlé, ó ti rí i pé àgádágodo méjì wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù físíìsì. Ó ti rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tó ń ṣe ìdánwò ìparí táàmù dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó sì ti rí ọgbà tòmátì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ gbé ìdí kọ̀ọ̀kan dúró, gbogbo igi náà sì jọra bí ẹni pé ọwọ́ kan ló gbẹ́ wọn. Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ni: ó máa ń wo ohun gbogbo, kò sì ní mọ èyí tí yóò wúlò.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ọ̀gá," ó wí níkẹyìn. "F9 ni mo gbà nínú físíìsì. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ àkọ́bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọlátúbọ̀sún, tí àjọ ìdánwò rán wá láti Ìbàdàn, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó fa okùn ìdè fáìlì rẹ̀ yọ, ó so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa fì síwá sẹ́yìn.

"Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Bí okùn bá ṣe gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pẹ́ sí i kó tó lọ kó tó bọ̀. Wọ́n á so okùn àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á ka àkókò tó fi lọ-bọ̀ nígbà ogún. Lẹ́yìn náà, ọgọ́ta, àádọ́rin, títí dé àádọ́rùn-ún. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n rí ya ìlà sórí pépà gíráàfù. Bí ìlà náà bá ṣe dagun tó ni wọ́n á fi ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Ìdáhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ni 9.8."

"Mo gbọ́ ọ. Ibo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà?"

"Okùn àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá 28.4. Ayọ̀rìndé, olùkọ́ wọn, ṣe é fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ó sì fi 28.4 sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Ọmọbìnrin yìí, Mùlíkàt Ọláyọdé, kọ 28.4. Àwọn yòókù ńkọ́? 29.7. 29.8. 29.9. Kò sí ẹyọ kan tó tọ̀nà nínú wọn." Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé mẹ́ta. "Ẹ wá wo ìdáhùn ìparí wọn. 9.8. 9.7. 9.8. Àkókò kò tọ̀nà, ìdáhùn tọ̀nà! Ta ló lè gba ojú ọ̀nà tí kò tọ́ dé ilé tó tọ́, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n ti fi ilé náà hàn tẹ́lẹ̀?"

"Ta ló fi hàn wọ́n?"

"Lẹ́tà àṣírí ni àjọ fi ń sọ irinṣẹ́ tí yóò jáde fún olùkọ́ físíìsì, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó lè rí wọn tò. Ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yìí, Ayọ̀rìndé nìkan ló mọ̀ pé okùn ni. Ó fi iye tó péye fún ààyò rẹ̀. Ó sọ ìdáhùn fún àwọn yòókù, wọ́n lọ hùmọ̀ àkókò fúnra wọn."

Ó fi káàdì kékeré kan lé orí ìwé náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, Dùnmínínú Ọmọ́níyì, nígbà tó ń jáde kúrò ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Òǹkà nìkan ló wà lára rẹ̀, ní ọ̀wọ́ méjì: 20 kọjú sí 25, 30 kọjú sí 35, 40 kọjú sí 45, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 90 tó kọjú sí 95.

"Ẹ́kísípò pọ́ńbélé," ni Ọlátúbọ̀sún wí. "Aago mẹ́rin ni mọ́tò mi ń padà. Bí n kò bá rí àlàyé mìíràn mú lọ, àjọ yóò fagi lé èsì àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yin náà yóò sì gbé olùkọ́ lọ sí kóòtù."

Fadá Adébáyọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó jókòó lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, gbé ọwọ́ lé àwọn ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ bò wọ́n lọ́wọ́ òtútù.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ọmọ, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ jọ̀wọ́."

*

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ń dúró nínú kíláàsì kan tó ṣófo. Ó ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ táì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ìlànà àjọ kò gbà kí ẹni tí a fura sí rí ohunkóhun nínú fáìlì náà, nítorí náà ọwọ́ òfo ni Morẹ́nikẹ́ fi jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró, Tíṣà. Ṣé ẹ fún àwọn ọmọ yìí ní ẹ́kísípò?"

"Rárá, mà."

"Ta ló fún wọn?"

"Bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn, orúkọ tèmi ni kí ẹ kọ."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn."

"Ọmọ ni wọ́n, mà. Bí wọ́n bá ṣe ohun tí kò dára, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn kò tó." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ Fadá, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Mi ò jẹ́ fi irú èyí san án fún wọn."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ọmọ mi kọ irọ́ kan náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Wọ́n ní rárá."

"Ẹ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà?"

"Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo to irinṣẹ́ ní aago méje, mo ṣe ìdánwò tèmi fún àpòòwé, mo jáde. Ojú fèrèsé ni mo wà títí alábòójútó fi lé mi." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. "Ẹ ò bá rí i, mà! Fadá ti bẹ ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù títí wọ́n fi fún wa ní irinṣẹ́ tuntun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló dé. Aago tuntun, irin ìgbókùnrọ̀ tuntun, rúlà gígùn onídẹ lórí. Ọmọ tó ti ń fi àlòkù kọ́ṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, kó wọ gbọ̀ngàn kó bá irú ìyẹn lórí tábìlì! Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn."

"Wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà?"

"Àwọn tó ń jókòó níwájú mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn?" Ó mi orí. "Wọn kì í gbọ́ mi, mà. Màá pariwo títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, ojú wọn á wà níta. Ọdún mẹ́rìnlá, bákan náà ni."

Morẹ́nikẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó kọ: *Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ kì í sábà ní kí a fi ìwé han òun.*

*

Mùlíkàt Ọláyọdé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọ̀ffà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá. Ó wọlé pẹ̀lú ìborùn funfun, ó kúnlẹ̀ kí Ìnsípẹ́kítọ̀, ó sì jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí inú ń bí.

"Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti ń pè mí ní ààyò Sà, mà."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Bí mo bá jẹ́ ààyò Sà, ṣé Sà á máa ní kí n fọ pátákó lójoojúmọ́?"

Morẹ́nikẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó fún ọ ní ìdáhùn?"

"Rárá, mà. Mo wọn okùn, mo ka àkókò, mo kọ ohun tí mo rí."

"Kí ló dé tí tìrẹ fi yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn yòókù?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Ó yàtọ̀ ni, mà? Wọn ò sọ ìyẹn fún mi. Ohun tí ìbéèrè wí ni mo ṣe. Kò sí nǹkan mìíràn."

"Ya ibi tí o jókòó sí àti ibi tí Ọmọ́níyì jókòó sí fún mi." Ó na pépà, pẹ́ńsù àti rúlà pẹlẹbẹ kékeré kan sí i.

Mùlíkàt gba rúlà náà. Kí ó tó fi lélẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á wò.

"Kí lo ń wò níbẹ̀?"

"Kò sí, mà. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Gẹ́gẹ́ bí àwòrán náà ti fi hàn, tábìlì mẹ́fà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Morẹ́nikẹ́ dúpẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀: *àtàǹpàkò*. Kò mọ ìdí rẹ̀.

*

Dùnmínínú Ọmọ́níyì wọ bọ́ọ̀sì láti Ìyìn wá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti gba fọ́ọ̀mù yunifásítì láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà. Ó rí káàdì náà lórí tábìlì, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ẹ́kísípò ni?"

"Rárá, mà! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Kí wá ni?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo mú ìwé wọ gbọ̀ngàn. Mi ò yọ ọ́ lápò, mà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí kí n tó wọlé. Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni."

"Ta ló ní kí o mọ̀ ọ́n sórí?"

Ọmọkùnrin náà yíjú sí ojú fèrèsé. Agogo kan dún níta, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tú jáde pẹ̀lú ariwo.

"Dùnmínínú, ta ni?"

"Sà ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì fọ́. "Sà ní kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó, mà! Wọ́n á ló ṣe ohun tí kò tọ́, wọ́n á sì lé e. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ulé ni mo fẹ́ lọ."

Bó ti ń pe ilé lédè Ìyìn yẹn jọ ti ọmọ ọdún márùn-ún. Ọlátúbọ̀sún, tó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ẹjọ́ ti parí lójú rẹ̀.

"Ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ ọ, Ìnsípẹ́kítọ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Inú Morẹ́nikẹ́ bàjẹ́, kò sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn olùkọ́ náà.

"Kọ́kọ́rọ́ láàbù," ó wí. "Àti gbogbo ẹ̀dà ìwé yín. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

*

Ó tẹ́ ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà sórí àwọn tábìlì láàbù, ó ń rìn láàárín wọn.

Káàdì ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tí kò bára mu wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mú ẹ́kísípò wọlé, ìdáhùn ló ń mú wọlé. Ṣùgbọ́n 9.8 kò sí lára káàdì. Kò sí 29.8. Kò sí àkókò rárá. Irú olè wo ni yóò fi ara rẹ̀ wewu nítorí káàdì tí kò ní ohunkóhun láti jí nínú?

Lẹ́yìn náà, àkókò. Ọlátúbọ̀sún ní wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ó ka ti okùn àádọ́ta láti tábìlì dé tábìlì: 29.7, 29.9, 29.8, 29.6, 30.0, 29.8. Àwọn tó bá da ìwé ara wọn kọ yóò kọ iye kan náà. Àwọn tó bá hùmọ̀ irọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò jìnnà síra: ẹnì kan á kọ 27, ẹlòmíràn 31. Ìwọ̀nyí kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọ́n kóra jọ yí iye kan ká, wọ́n sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí àtàǹpàkò ọmọ ènìyàn ṣe ń gbọ̀n lórí aago. Wọ́n ka àkókò wọn lóòótọ́. Okùn kan fì níwájú wọn, ó sì gba ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n ó dín díẹ̀.

A jẹ́ pé okùn ni kò rí bí wọ́n ṣe pè é.

Ó jókòó. Kí ni ọ̀gá láti Ìbàdàn wí? Okùn gígùn a máa pẹ́. Kúkúrú a máa yá. Okùn tí kò ní gígùn rárá kò ní gba àkókò kankan. Ìlà orí gíráàfù yẹ kó wá láti ibi òdo nígbà náà. Ó mú rúlà gígùn kan lórí tábìlì, ó sì fa ìlà Mùlíkàt gùn sẹ́yìn. Ó kan òdo gan-an. Ó fa ìlà ọmọ mìíràn gùn. Ó gba òkè òdo kọjá, ó jáde lápá òsì, ó sì kan ìlà ìsàlẹ̀ níbi tí ìbá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún bí òǹkà bá ń lọ sẹ́yìn. Ó mú òmíràn. Márùn-ún. Òmíràn. Márùn-ún. Mẹ́rin àbọ̀. Márùn-ún. Nígbà tí ó ṣe é dé èyí tó kẹ́yìn, ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó kan òdo, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn sì fi sún sẹ́yìn.

Ó fa káàdì mọ́ra. Àádọ́ta kọjú sí márùndínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta kọjú sí márùndínláàádọ́rin. Kì í ṣe ìdáhùn. Ìtọ́ni ni, fún ọwọ́ tó ń wọn nǹkan: bí wọ́n bá ní àádọ́ta, lọ sí márùndínlọ́gọ́ta. Wọ́n sì lọ síbẹ̀. Okùn tí wọ́n pè ní àádọ́ta fi márùn-ún gùn jù.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ wo ni yóò kọ́ ọmọ ní irú ìyẹn?

Ó yẹ rúlà ọwọ́ rẹ̀ wò. Tuntun ni. Idẹ wà lórí rẹ̀, òǹkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kò sí àléébù. Ó gbójú sókè sí ògiri. Ìṣó wà níbẹ̀ ní ìlà kan, lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan sì ni ibì kan ti funfun ju ara ògiri tó kù lọ: gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ọgbọọgba. Ohun kan ti so rọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun pẹlẹbẹ. Ohun tó jọra bí ẹni pé ọwọ́ kan ló gbẹ́ wọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéyẹyè sáré jáde. Kò ti ìlẹ̀kùn.

*

"Ìnsípẹ́kítọ̀! Tòmátì mi!"

Fadá Adébáyọ̀ yọ orí láti ojú fèrèsé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ti tú okùn ìdí tòmátì kan, ó sì ń fa igi rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Fadá, níbo lẹ ti rí igi yìí?"

"Wọ́n fẹ́ fi dáná ni lẹ́yìn ìdánwò, mo ní igi gidi nìyẹn! Rúlà àtijọ́ láàbù ni. Ikán ti ba orí wọn jẹ́ tipẹ́. Ẹ rọra, èso wà lára rẹ̀!"

Igi náà já jáde. Morẹ́nikẹ́ fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀, bí ọmọ káfíńtà yẹn ṣe ṣe. Òǹkà àkọ́kọ́ tó yọ jáde ni mẹ́fà. Kò sí òdo. Kò sí ení, kò sí èjì. Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́ dé ibẹ̀. Ayùn ló gé e, gédégédé, ní ojú ìlà márùn-ún.

Ó fa èkejì. Mẹ́fà. Ó fa ẹ̀kẹta.

"Fadá," ó wí, ẹrẹ̀ ti dé ìgùnpá rẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe gbogbo wọn sí láàbù. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá àwọn ọmọ sọ ohunkóhun."

*

Ní aago mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà wà nínú láàbù. Morẹ́nikẹ́ ní kí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó sì mú kó ṣèlérí pé kò ní sọ̀rọ̀. Ó fi aago lé Ọlátúbọ̀sún lọ́wọ́. Rúlà tuntun, okùn àti irin róbótó wà lórí tábìlì.

"Dùnmínínú, so okùn náà rọ̀ ní àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà fún mi, bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ ìdánwò."

Ọmọkùnrin náà wojú olùkọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó fi orí rúlà ti ibi tí okùn ti so. Ó fa irin náà sókè, ó fà á sílẹ̀, ó dá a dúró ní ojú òǹkà kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì ṣiyèméjì.

Ní ẹ̀yìn, àga kan dún. Ayọ̀rìndé ti dìde, ẹnu rẹ̀ là. Morẹ́nikẹ́ gbé ìka kan sókè, ó sì tún jókòó.

"Jẹ́ kó máa fì. Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á."

Irin náà lọ, ó bọ̀. Nígbà tó di ogún, Ọlátúbọ̀sún tẹ aago. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"29.8," ó wí pẹ̀lẹ́.

"Dùnmínínú, irin yẹn wà ní ojú òǹkà wo?"

"Márùndínlọ́gọ́ta, mà. Ìyẹn ni àádọ́ta. A máa ń fi márùn-ún kún un nítorí pé rúlà wa bẹ̀rẹ̀ láti..." Ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo orí rúlà tuntun náà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Òdo wà níbẹ̀!"

Morẹ́nikẹ́ gbé igi tòmátì mẹ́ta lé orí tábìlì, tòun ti erùpẹ̀.

"Èmi ni," ni Ayọ̀rìndé wí láti ẹ̀yìn. "Ikán jẹ orí rúlà, kò sí owó láti ra tuntun. Mo ní kí káfíńtà gé gbogbo wọn ní ojú márùn-ún kí wọ́n lè dọ́gba. Mo ní kí àwọn ọmọ máa fi márùn-ún kún gbogbo ìwọ̀n. Ọdún kan gbáko ni mo fi lù ú sí wọn lórí. Nígbà tí tuntun dé, mo fi sórí tábìlì, inú mi ń dùn. Mi ò sọ fún wọn." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Gbólóhùn kan ni ìbá gbà, mà. Gbólóhùn kan."

"Ta ni káfíńtà náà?" ni Morẹ́nikẹ́ bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Bàbá mi ni," ni Mùlíkàt wí. "Ìṣojú mi ni wọ́n ti gé e. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń sọ ọ́: kí o tó wọn igi, wo orí rúlà. Mo rí òdo, mo sì wọn ọ́n láti òdo. Mo rò pé gbogbo wa la rí i."

Dùnmínínú yíjú sí i. "O rí i, o ò sì sọ fún wa?"

"Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò? Kí n dìde kí n kéde ẹ̀? Kí wọ́n lè lé mi dé Ọ̀ffà?"

Fadá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọlátúbọ̀sún kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo gíráàfù.

"Ó ku ìbéèrè kan. 9.8 ńkọ́? Okùn wọn kò tọ́, ìdáhùn ìparí tọ́."

Ayọ̀rìndé dìde. Ó ti yọ ṣọ́ọ̀kì lápò kó tó dé iwájú pátákó. Ó ya ìlà kan tó gba ojú òdo kọjá, ó sì ya òmíràn lókè rẹ̀, tó dagun bákan náà.

"Bí àwọn tó tò lórí ìlà bá sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá, ṣé àlàfo àárín wọn á yí padà? Kò ní yí padà. Gbogbo okùn fi márùn-ún gùn jù, nítorí náà gbogbo ìlà kúrò láyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dagun kò yí. Láti ara bó ṣe dagun ni wọ́n sì ti ṣírò 9.8." Ó yí padà sí wọn. "Wọn kò jí i, ọ̀gá. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un."

Ọlátúbọ̀sún gbé gíráàfù náà sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ni ní físíìsì kí n tó wọ àjọ," ó wí. "Ó yẹ kí n ti rí i." Ó yọ bírò, ó kọ ìlà méjì sí ẹ̀yìn fáìlì, ó sì kà á sókè: "Irinṣẹ́ ló fa àṣìṣe. Kò sí jìbìtì." Ó fi kún un pé wọn yóò pàdánù máàkì lórí àkókò, ṣùgbọ́n wọn yóò gba ti gíráàfù àti ti ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ó mú káàdì náà, ó sì nà án sí Dùnmínínú láìwojú rẹ̀. "Gbà. Ìwé tí kò ní ìdáhùn nínú kò wúlò fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, yẹ àpò ẹ wò."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Fadá kó igi mẹ́ta rẹ̀, ó ń yára lọ sí ọgbà. Àwọn ọmọ méjèèjì jáde tẹ̀lé e, wọ́n ṣì ń jiyàn.

Ayọ̀rìndé kò tíì kúrò níwájú pátákó.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, èmi ni mo jẹ̀bi máàkì tí wọ́n pàdánù."

"Mo ti wá a nínú ìwé òfin, Tíṣà. Kò sí níbẹ̀."

Ó mi orí, kò sì dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tù nínú. Ó ń pa ìlà ojú pátákó rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

"Ọmọ mélòó ló ṣe àṣìṣe náà, mà?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn ló fi márùn-ún kún un. Àfi ọmọ káfíńtà."

"Àti àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn?"

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Kò sí ẹyọ kan tó yọ sílẹ̀."

Olùkọ́ náà yíjú sí àwọn àga òfo tó wà ní ìlà ẹ̀yìn, lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ojú àwọn ọmọ ti máa ń wà níta. Ó wò wọ́n títí.

"Nígbà náà," ó wí, "wọ́n ń gbọ́ mi."